Nọ́ńbà Tó Jókòó sí Ipò Nọ́ńbà Mìíràn

Ọjọ́ tí a jókòó láti pinnu bí ẹ̀rọ wa yóò ṣe máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, ìjíròrò náà kò ju wákàtí kan lọ. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ni iléeṣẹ́ náà. Ọmọ Àkókó ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀wọ̀ kó tó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ sólà. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mo ń bá a kọ sọ́fúwíà. Yàrá méjì la háyà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta páìpù omi, a sì máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ayùn gé páìpù nísàlẹ̀ nígbà tí àwa bá ń ronú lókè.

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ kí a ṣe ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa ṣọ́ fíríìjì oògùn àjẹsára ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké mọ́kànlá ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Oògùn àjẹsára kò gbọ́dọ̀ tutù ju dígírì méjì lọ, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná ju mẹ́jọ lọ. Bó bá kọjá mẹ́jọ fún ọjọ́ mélòó kan, omi lásán ni wọ́n ń gún fún ọmọ. Sólà ló ń gbé àwọn fíríìjì náà. Nítorí náà ẹ̀rọ wa yóò máa wo nǹkan méjì, bí inú fíríìjì ṣe gbóná tó àti bí bátìrì ṣe lágbára tó. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni yóò máa kọ wọ́n sílẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àjẹsára.

Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní lọ́ọ̀gì, ọ̀nà méjì sì ló wà láti kọ ọ́. O lè kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, bí ènìyàn ṣe ń kọ̀wé: ọjọ́ báyìí, aago báyìí, fíríìjì dígírì mẹ́rin àbọ̀, bátìrì fóólìtì méjìlá lé. Ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé kà lè ṣí i lórí fóònù kó sì yé e. O sì lè kọ ọ́ ní báínárì. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìyẹn. Nọ́ńbà ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láìsí àlàfo, sínú àwọn ààyè kéékèèké tí à ń pè ní báìtì, ipò tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá jókòó sí ló ń sọ ohun tó jẹ́. Bí o bá ṣí i láìsí prógíráàmù tó mọ ètò ìjókòó wọn, wúruwùru ni wàá rí.

"Kọ ọ́ kó ṣeé kà," Ẹ̀gbọ́n wí fún mi lọ́jọ́ náà. "Mo ti tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn èèyàn tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé. Èyí tó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo máa ń rí ọgbọ́n ta sí i. Èyí tó bá kọ báínárì, ńṣe ni mo máa ń wò ó bí adití tó ń wo ẹnu ẹni tó ń kọrin."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó," mo dáhùn. "Ìlà kan ní ọ̀rọ̀ máa gba nǹkan bí ọgọ́ta báìtì. Ní báínárì, mẹ́jọ péré ni. Ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rí tí a bá ti kọjá Ute. Tí a bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ìdajì rẹ̀ ò ní dé ibi tó ń lọ."

Ó họrí. "Ìwọ lo máa kọ ọ́," ó ní. "Ìwọ náà la máa pè tí kò bá yé wa."

Báyìí ni a ṣe mú báínárì. Òótọ́ ni ohun tí mo sọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àmọ́ òótọ́ mìíràn wà tí n kò sọ, òun ni pé báínárì dùn mọ́ mi láti kọ. Mo fẹ́ràn ohun tó bá há pọ̀, tí kò sí ààyè tó ṣòfò nínú rẹ̀. Báìtì mẹ́rin fún àkókò, méjì fún ìgbóná, méjì fún bátìrì, ó parí. Inú mi dùn sí i bí ìgbà tí ènìyàn di ẹrù sínú àpótí tí àpótí náà sì pa dé wọ́ọ́.

Isuada la ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ sí, nítorí ó sún mọ́ wa. Ilé ìwòsàn tó gbẹ̀yìn jìnnà, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Arimogija, láàárín oko kòkó. Obìnrin tó ń ṣe àkóso ibẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, Mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé ló fi kí wa. Nígbà tó gbọ́ ilé tí mo ti jáde wá, ó yí ohùn padà, ó bọ́ sí èdè Ọ̀wọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì béèrè bàbá mi. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tí òun ń lọ kò jìnnà sí ilé wa. Ẹ̀gbọ́n tí kò gbọ́ ju ìdajì ohun tí à ń sọ lọ rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwa méjèèjì máa bá ìdílé wa lọ, òun yóò máa so ẹ̀rọ mọ́ fíríìjì.

Nígbà tí a parí, Mátírọ́ọ̀nù wo ẹ̀rọ náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Níbo lèmi ti máa rí ohun tó ń kọ?"

"Kò sí níbẹ̀, Mà. Ọ́fíìsì ló máa rí i."

"Èmi ni mò ń ṣí fíríìjì yìí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn tó wà nílùú á wá máa rí inú rẹ̀, èmi ò ní rí i?"

"Ẹ ò nílò rẹ̀, Mà," mo ní. "Ẹ̀rọ á máa bá yín kọ ọ́."

Mátírọ́ọ̀nù fa bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì sókè, ó wo tẹmómítà inú rẹ̀, ó sì fi bírò kọ 4 sí ibi tí ọjọ́ náà wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀.

Oṣù mélòó kan kọjá tí gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege. Nígbà tó yá, a ṣàkíyèsí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já láàárín kí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rán tó dé tán, tó fi jẹ́ pé àkókò àti ìgbóná á wọlé, bátìrì kò ní wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní bátìrì ló jẹ òun lógún jù, nítorí bí bátìrì bá kú, fíríìjì náà yóò kú. Mo ní kò burú. Mo gbé bátìrì síwájú, mo gbé ìgbóná sẹ́yìn. Mo tún prógíráàmù tó ń ka lọ́ọ̀gì ní ọ́fíìsì ṣe kó bá ètò tuntun náà mu, mo sì fi ẹ̀dà tuntun prógíráàmù tiwọn ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. N kò fi àmì kankan sí orí lọ́ọ̀gì tó máa sọ pé ti àtijọ́ ni èyí, tuntun ni èyí. Mo rò pé gbogbo wọn ti gbà á.

Lọ́jọ́ Tusidé kan, Mátírọ́ọ̀nù pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹ̀rọ yín ti pè mí ní òpùrọ́ o."

Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní alábòójútó láti ọ́fíìsì àjẹsára wá bá òun lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde. Bébà náà ní fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, inú fíríìjì òun kò wá sí ìsàlẹ̀ dígírì méjìlá rárá. Wọ́n kó gbogbo oògùn lọ pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n wo bébà ara fíríìjì tó kún fún mẹ́rin àti márùn-ún, wọ́n ní ńṣe ni òun jókòó sórí àga kọ ọ́ láìwo tẹmómítà. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn ìyá ọlọ́mọ wá fún àjẹsára, òun sì dá gbogbo wọn padà.

Ó dùn mí láti kọ ohun tí mo dáhùn, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Mo ní, "Mà, ẹ̀rọ kì í purọ́. Bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kò pa dé dáadáa."

"Ó dáa," ó ní, ó sì pa fóònù.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ fíríìjì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo rí tún mú kí n gbà pé mo jàre. Nọ́ńbà náà kì í ṣe nọ́ńbà tó ya wèrè. Méjìlá lé díẹ̀ ló wà ní òwúrọ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ dé nǹkan bí mẹ́rìnlá ní ọ̀sán, ó tún ń sọ̀kalẹ̀ lálẹ́. Bí ilé ṣe ń gbóná tó sì ń tutù náà nìyẹn. Mo fi han Ẹ̀gbọ́n.

"Fíríìjì ti bàjẹ́ nìyẹn," mo ní.

"Bó bá bàjẹ́, èmi ló yẹ kí n tún un ṣe," ó ní. "Ká lọ wò ó lọ́la. Mi ò sì gbàgbọ́ pé ìyá yẹn á jókòó máa kọ irọ́."

Lọ́jọ́ kejì, a wọ mọ́tò Ẹ̀gbọ́n, a gba Ute kọjá. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ láwọn ibì kan, a sì ń yà fún kòtò. Nígbà tí a dé, Mátírọ́ọ̀nù dá wa lóhùn ìkíni, àmọ́ èdè tó fi kí wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Yorùbá ilé ìwé, ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n ti tẹmómítà tirẹ̀ bọ inú fíríìjì tó ti ṣófo. A dúró fún ìdajì wákàtí. Mẹ́rin ló kà.

"Bóyá nítorí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́ ni," mo ní.

Mátírọ́ọ̀nù lọ mú bébà tirẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀dà bébà tí alábòójútó fi sílẹ̀ fún un, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, ó sì fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ kan.

"Mo ti ń wo èyí láti àná," ó ní. "Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Sólà ò rí oòrùn. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni fíríìjì máa ń wàhálà. Ẹ wo tèmi: mo kọ mẹ́fà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò dé mẹ́fà rí nínú oṣù yẹn àfi ọjọ́ náà. Ẹ wá wo tiyín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ yín ní ó tutù jù. Báwo ni fíríìjì ṣe ń tutù sí i lọ́jọ́ tí kò ríná?"

Èmi àti Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ bébà náà. Òótọ́ ni. Gbogbo ọjọ́ yòókù, nọ́ńbà ẹ̀rọ gòkè lọ́sàn-án. Ọjọ́ Ẹtì, kò gòkè rárá.

"Kí ló máa ń gòkè tí oòrùn bá ràn," Ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bi ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè, "tí kì í gòkè lọ́jọ́ òjò, tó sì máa ń wà láàárín méjìlá sí mẹ́rìnlá?"

Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ ìdáhùn. Bátìrì ni. Bátìrì sólà ni.

Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ẹ̀rọ náà, mo sì ṣí lọ́ọ̀gì rẹ̀ ní tútù, láìlo prógíráàmù kankan láti kà á. Mo ka báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ kọjá, àkókò nìyẹn. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e jẹ́ 45. Mẹ́rin àbọ̀ ni a ń kọ báyẹn, ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn jẹ́ 128, ìyẹn méjìlá lé díẹ̀. Fíríìjì mẹ́rin àbọ̀, bátìrì méjìlá lé. Ètò àtijọ́ ni ẹ̀rọ náà ṣì fi ń kọ̀wé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé náà kò jẹ́ kí ẹ̀dà tuntun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun nìkan nínú mọ́kànlá. Prógíráàmù ọ́fíìsì sì ti ń fi ètò tuntun kà á. Ó mú bátìrì, ó pè é ní ìgbóná. Ó mú ìgbóná, ó pè é ní bátìrì. Bí ẹnì kan bá wo ibi tí a kọ bátìrì sí, ì bá rí mẹ́rin àbọ̀, ì bá sì mọ̀ pé kò sí bátìrì sólà tó lè wà ní mẹ́rin àbọ̀ kó ṣì máa gbé fíríìjì. Ìgbóná nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì. Èmi tí mo ní gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, n kò wo ibẹ̀.

"Mátírọ́ọ̀nù," mo ní, "èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan. Fíríìjì ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Mo ṣàlàyé fún un bó ṣe jẹ́. Mo fi ife méjì tó wà lórí tábìlì ṣe àpẹẹrẹ, mo pààrọ̀ ipò wọn. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin.

"Oògùn mi dára nígbà náà," ó ní.

"Ó dára, Mà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Wọ́n ti sun ún. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n má retí rẹ̀ padà." Ó jókòó. Kò pariwo mọ́ mi, ì bá sàn fún mi bó bá pariwo. "Obìnrin kan gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti inú oko wá lánàá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó béèrè ìgbà tó máa padà wá, mo ní mi ò mọ̀. Ojú tó fi wò mí, mi ò fẹ́ràn rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá iléeṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ fún ara mi. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ náà ò mọ́. Ó ní òun kò tíì lè sọ pé ó ti tán nínú òun, àmọ́ òun dúpẹ́ pé a wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Rejísítìrì káńsù ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi kúrò, wọ́n sì mọ bí lẹ́tà ṣe ń wọ fáìlì. Mo ti kọ lẹ́tà kan tí n óò mú lọ sí ọ́fíìsì àjẹsára, mo kà á fún wọn. Mo kọ ọ́ pé àṣìṣe kan wáyé nínú ètò kọ̀ǹpútà.

"Ta ló ṣe àṣìṣe náà?" wọ́n ní.

"Èmi ni, Bàbá."

"Kọ 'èmi' síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 'àṣìṣe kan wáyé' lo kọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kúẹ́rì ìyá yẹn á sì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Fáìlì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣe é, kó tó lè mọ ẹni tí kò ṣe é." Wọ́n wá bi mí bóyá ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì tó lè ka ohun tí ẹ̀rọ kọ fúnra rẹ̀. Mo ní rárá, àyàfi ohun tí prógíráàmù mi bá sọ fún wọn. Wọ́n mi orí. "Kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà," wọ́n ní, wọ́n sì padà sí oúnjẹ wọn.

Mo tún lẹ́tà náà kọ. Alábòójútó náà kà á níwájú mi, ó tún un kà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mo wo bébà, mo gbà á gbọ́," ó ní. "Ìwọ tó kọ ọ́ ńkọ́? Ìgbà tí ìyá náà pè ọ́, ta lo gbà gbọ́?"

"Bébà ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ní kúẹ́rì náà ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti wọlé sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ju òun lọ, pé yíyọ ọ́ máa gba àkókò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà síbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní lẹ́tà mi ti sọnù, mo sì fún wọn ní ẹ̀dà mìíràn. Nígbà tí lẹ́tà tó yọ kúẹ́rì náà jáde níkẹyìn, ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e.

Oògùn tuntun ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, ọ̀pọ̀ ìyá sì padà wá. Obìnrin tó gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò wá. Mátírọ́ọ̀nù dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí kò rí i, ó gbé àpótí yìnyín lé ẹsẹ̀, ó gun ọ̀kadà wọ inú oko lọ, ó ń béèrè láti abà dé abà títí ó fi rí i. Abẹ́ igi kòkó ló ti fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́. Òun kọ́ ló sọ fún mi. Alábòójútó ló sọ ọ́, pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ló ṣe é.

Èmi àti Ẹ̀gbọ́n tún ẹ̀rọ náà kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò jiyàn. Ọ̀rọ̀ ni yóò máa kọ sínú káàdì mẹ́mọ́rì tó wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá wà nídìí fíríìjì lè fi fóònù kà á níbẹ̀. Ohun tí yóò máa fi ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì jẹ́ báínárì, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ̀sẹ́ kò yí padà nítorí pé mo ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n báìtì tó ṣáájú gbogbo wọn ni nọ́ńbà ẹ̀dà. Bí ọ́fíìsì bá gba ẹ̀dà tí kò mọ̀, kò ní méfò, yóò sọ pé òun kò lè kà á. Bí méjèèjì bá sì ta ko ara wọn, ti káàdì la máa gbà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yóò yanjú gbogbo rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì náà kún kíákíá, a ní láti wá èyí tó tóbi sí i. Mo kọ ọjọ́ ní nọ́ńbà lásán, ẹnì kan ní ọ́fíìsì sì ka ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ orúkọ oṣù jáde. Mátírọ́ọ̀nù ló ní kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, kí olùrànlọ́wọ́ òun tí kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀ lè kà á. A ti fi ohun tó ń mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ṣí kún un nígbà náà, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò lè kọ àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà. Dípò "ilẹ̀kùn ṣí", ó kọ "ilekun si". Mátírọ́ọ̀nù pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà wá. Ó ní, "Ilẹ̀kùn sí ibo?" Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́. A yí i sí "ilekun: sisi" àti "ilekun: pipade", ó sì yé gbogbo èèyàn.

Wọ́n ti gbé Mátírọ́ọ̀nù lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn nítòsí Ute báyìí. Ó ṣì ń fi bírò kọ tirẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, n kò sì ní kó dáwọ́ dúró. Lóṣù tó kọjá, ó ya fọ́tò ìlà kan nínú lọ́ọ̀gì ẹ̀rọ pẹ̀lú bébà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní márùn-ún, òun ní mẹ́fà àbọ̀. Mo pè é pé a ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé ẹni tó nu fíríìjì náà ló ti okùn tẹmómítà wa sẹ́yìn, tó fi lẹ̀ mọ́ ibi tí yìnyín máa ń dì sí. Ó fà á wá sí àárín, ó so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mẹ́fà ni àwọn méjèèjì kọ.